Aṣọ Àgbà, Àkísà Àgbà

Ẹ̀yin ará Alief ní Houston, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Richmond, ẹ̀yin ará Katy, ẹ̀yin ará Missouri City, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú lójú ọ̀nà, ẹ rọra wakọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń din dòdò lọ́wọ́, ẹ dín iná kù díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni.

Ọ̀rọ̀ náà ní orí méjì. Èkíní ni dual credit. Èkejì ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí à ń kọ fọ́ọ̀mù FAFSA láti fi tọrọ. Púpọ̀ nínú wa rò pé ọ̀tọ̀ ni ti èkíní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Èrò yẹn ná mi lówó.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ni ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹwàá tàbí kọkànlá nínú yín? Ǹjẹ́ ọmọ náà ti mú fọ́ọ̀mù kan wálé pé kí ẹ fọwọ́ sí i, pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti high school? Ṣé ẹ ka fọ́ọ̀mù náà? Àbí ẹ fọwọ́ sí i lórí ìdúró ni, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ kejì, bí èmi ti ṣe?

Ìyẹn ni dual credit. Ọmọ ṣì wà ní high school, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀kọ́ kan ni, ibi méjì ni wọ́n ti ń kà á fún un. High school kà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kà á. Ó dà bí àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo, tó sì gbin ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oko kan, ìkórè méjì.

Ohun tó dára ni o. N kò wá síbí láti bà á jẹ́. Ní Texas yìí, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí gbogbo yunifásítì ìjọba ń béèrè jẹ́ kírẹ́díìtì 42. Ọmọ tó bá ti kó díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó jáde ní high school ti dín àkókò kù. Ó ti dín owó kù fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Mo mọ ọmọ tó parí yunifásítì ní ọdún mẹ́ta nítorí rẹ̀. Orí ìyá rẹ̀ wú.

Báwo ni ọmọ ṣe ń wọ̀ ọ́? Kò le. Counselor ilé-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Òbí á fọwọ́ sí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà lè kàwé, bóyá ó lè kọ ọ́, bóyá ó mọ ìṣirò dé ibi tó yẹ. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wò ó níbí ni TSIA2. Bí máàkì rẹ̀ nínú SAT tàbí ACT bá ga tó, wọ́n lè má béèrè TSIA2 mọ́. Ó parí.

Ta ló wá ń san owó rẹ̀?

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wáyé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ju èèyàn mẹ́wàá lọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsọmọlórúkọ, nínú ọjà tí a ti ń ra ẹ̀fọ́ tútù ní òpópónà Bissonnet. Wọ́n á ní, «FAFSA á san án.» Rárá o. FAFSA kì í san owó dual credit. Owó ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí high school, tàbí èyí tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, tó sì ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ gidi tó ń lépa oyè. Ọmọ tó ṣì wà ní high school kò tíì débẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè kọ fọ́ọ̀mù náà dáradára tó tí wọn yóò fi san án.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà mìíràn ilé-ìwé ló ń san án. Nígbà mìíràn kọ́lẹ́ẹ̀jì á yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Láti ọdún 2023, Texas ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní FAST. Ọmọ tí owó ilé wọn kò tó nǹkan, tó yẹ fún oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú nílé-ìwé, lè ṣe dual credit láìsan kọ́bọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wà nínú ètò náà. Ẹ bi counselor. Ẹ má tijú. Fọ́ọ̀mù tí ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́ sílé láti béèrè iye tó ń wọlé fún yín, tí a máa ń jù sórí fíríìjì, ẹ kọ ọ́ kí ẹ dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Dual credit àti owó ìjọba àpapọ̀ là ń sọ. A ti sọ pé owó ìjọba àpapọ̀ kì í san dual credit. Ẹ wá gbọ́ ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé. Dual credit kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ọdún 16 bá wọ dual credit, wọ́n fún un láṣọ àgbà. Wọ́n sì ti ń kó àkísà àgbà jọ dè é. Gíréèdì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni gíréèdì yẹn. Títí láé ló máa wà nínú ìwé rẹ̀. Bí A bá wà níbẹ̀, á wà níbẹ̀. Bí F bá wà níbẹ̀, òun náà á wà níbẹ̀.

Àkọ́bí mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ dual credit ní kíláàsì kọkànlá. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé ni. Ní sáà àkọ́kọ́ ó mú ẹ̀kọ́ méjì, Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn Amẹ́ríkà. Ó yege nínú méjèèjì. Mo jó. Mo pe bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá ṣàdúrà fún un lórí fóònù títí owó inú fóònù fi tán.

Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, sáà kejì bẹ̀rẹ̀. Ó mú méjì sí i, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ìṣirò algebra. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá dùbúlẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. N ò bá a láyé.

Mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílé kí a tó sin bàbá tán. Ọkọ mi ń wa tírélà. Ní oṣù yẹn, ọ̀nà California ló wà. Ta ló wà nílé ní Houston? Ọmọ ọdún 16 yìí ni, àti àbúrò rẹ̀ méjì. Òun ló ń jí wọn. Òun ló ń se ìrẹsì. Òun ló ń dúró de bọ́ọ̀sì àbíkẹ́yìn mi níta. Ẹ̀gbọ́n ìjọ wa kan ń yà wò wọ́n lálẹ́, Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n lóru, ọmọ yìí ló ń dá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí oorun ń gbé e lọ lórí ìwé.

Ó bá algebra wọ̀yá ìjà títí, ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Wọ́n kọ W síwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. F ni wọ́n fún un. Kò sọ fún mi. Ó rí i pé mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó ní òun kò fẹ́ dá kún un.

Kí ló dé tí n kò fi mọ̀? Nítorí pé mi ò béèrè. Àti nítorí pé òfin kan wà níbí láti ọdún 1974 tó ń jẹ́ FERPA. Ní high school, òbí ló ni ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ọmọ. Bí ọmọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ náà ló ni ẹ̀tọ́ yẹn lórí ìwé tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kódà bí kò bá tíì pé ọdún 18. Ẹ lè pe kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n ní àwọn kò lè bá yín sọ ọ́, àfi bí ọmọ yín bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Èmi ìyá tó bí i, tó fọ ìtẹ́dìí rẹ̀! Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òfin ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi parí high school. A kọ FAFSA. Wọ́n kọ̀wé padà pé ó yẹ fún Pell Grant. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ Pell Grant? Owó tí ẹnikẹ́ni kò ní dá padà ni. Kì í ṣe gbèsè. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 7,395. A dúpẹ́, a ra àkàrà òyìnbó, a pín in jẹ.

Ní oṣù kẹjọ, ìwé mìíràn wọlé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní wọn kò lè san owó náà. Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí láyé mi: SAP.

Ẹ fetí sí SAP yìí dáadáa, torí òun ni ìdí tí mo fi wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí. Ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba owó òun gbọ́dọ̀ máa tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á wo gíréèdì rẹ̀. Wọ́n á wo iye ẹ̀kọ́ tó mú, wọ́n á wo iye tó parí nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó gbọ́dọ̀ parí bíi méjì nínú mẹ́ta. Àwọn ẹ̀kọ́ dual credit sábà máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ọmọ mi mú mẹ́rin, ó parí méjì. Ìlàjì ni. Kò tó.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Owó ìjọba àpapọ̀ kò san dual credit. Ṣùgbọ́n dual credit lè ti ilẹ̀kùn mọ́ owó ìjọba àpapọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló kọsẹ̀, ọmọ ọdún 18 ló ṣubú.

Kí la ṣe? Owó sáà yẹn ti tó san. Oṣù yẹn ni àjọ kàn mí. Owó àjọ tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ ọkọ̀ mi ni mo kó lọ. Mo ṣì ń wa ọkọ̀ yẹn títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ṣàánú wa. Ó ní a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òfin gba ẹ̀bẹ̀ láàyè, bí àìsàn bá ṣe ọmọ, bí ẹbí rẹ̀ bá kú, tàbí bí ohun ńlá mìíràn bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì kọ ohun tó ti yí padà. Ọmọ mi jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ojú ewé méjì. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọmọ mi fojú rí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn. Mo sunkún. A so ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi mọ́ ọn, èyí tí àwòrán bàbá wà lójú rẹ̀, tó dé fìlà abetí-ajá, tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá mi kò dé Amẹ́ríkà rí. Àwòrán rẹ̀ ló bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì yẹn.

Wọ́n gbà. Wọ́n fún un ní sáà kan kí ó fi tún ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì kọ iye máàkì tó gbọ́dọ̀ ní fún un. Ó ní i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ọ̀rọ̀ dual credit ni. A ní gíréèdì tí ọmọ bá gbà ní high school nípasẹ̀ dual credit ń tẹ̀ lé e lọ síbi owó ìjọba àpapọ̀. Ẹ sọ fún aládùúgbò yín.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi mí ni pé, kí ni ìyá lè ṣe kí ó tó pẹ́ jù? Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ọjọ́ kan wà nínú sáà tí wọ́n ń pè ní census date. Ọjọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ka orí akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní Texas, nínú sáà gígùn, ọjọ́ ẹ̀kọ́ kejìlá ni. Bí ọmọ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, ẹ̀kọ́ náà kò ní hàn nínú ìwé rẹ̀ rárá. Bí ó bá kọjá, W ni, wọn yóò sì kà á mọ́ ohun tó mú tí kò parí. Nígbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀, ọjọ́ yẹn kò tíì pé. Ká ní mo mọ̀, láti pápá ọkọ̀ òfurufú ni ǹ bá ti pe ọmọ mi pé kí ó jọ̀wọ́ ọ̀kan sílẹ̀.

Ètò mìíràn náà wà, OnRamps ti yunifásítì UT Austin. Nínú tiwọn, ọmọ lè rí gíréèdì rẹ̀ ná, kí ó tó pinnu bóyá òun fẹ́ gba kírẹ́díìtì náà. Ẹ béèrè bóyá ilé-ìwé ọmọ yín ní i. Bí ọmọ bá sì fẹ́ lọ sí yunifásítì aládàáni, tàbí ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ bi wọ́n níbẹ̀ bóyá wọ́n á gba kírẹ́díìtì náà wọlé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á.

Ó ku FAFSA. Ní oṣù kẹwàá ló sábà máa ń ṣí, fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ọdọọdún là ń kọ ọ́. Ta ló yẹ? Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ tó ní green card. Ẹni tí wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogunléndé, tàbí ẹni tí wọ́n fún ní ààbò. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀. Ìwé ọmọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwé òbí. Ṣùgbọ́n bí òbí kò bá ní ìwé, ẹ bá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ orúkọ yín síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin bàbá. Òbí gbọ́dọ̀ gbà kí ọ́fíìsì owó orí fi ìwé owó orí rẹ̀ hàn wọ́n. Bí òbí tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ bá kọ̀, ọmọ kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà rárá. Mo mọ bàbá tó ní kò sẹ́ni tó máa rí iye tí òun ń pa. Ọmọ rẹ̀ ń san gbèsè lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn.

Ẹ wo orúkọ náà. Orúkọ wa gùn, a sì fẹ́ràn láti gé e. Bí káàdì Social Security bá sọ pé Olúwaṣeun, ẹ má kọ Ṣeun sínú FAFSA. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, fọ́ọ̀mù náà á há.

Ẹ̀tọ́ ni owó yìí, kì í ṣe sààrà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson padà sí ilé-ìwé tó ti kàwé rí, ní San Marcos, ní Texas yìí kan náà. Ibẹ̀ ló ti fọwọ́ sí òfin tó bí owó ìrànwọ́ yìí. Òun fúnra rẹ̀ gbálẹ̀ nílé-ìwé yẹn láti fi rí owó kàwé. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí òṣì ń bá fínra ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cotulla. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí a bá ń wakọ̀ lọ sí San Antonio láti Austin, ẹ̀gbẹ́ San Marcos yẹn là ń gbà kọjá.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni tó mọ̀ nínú wa kì í sọ. Ẹni tí kò mọ̀ ń tijú láti béèrè. Mo ti sọ tèmi. Ta ló tún ní tirẹ̀? Láìpẹ́ a máa ṣí fóònù sílẹ̀. Ẹ pè wá. Ẹ̀yin ọmọ pàápàá, bí F bá wà níbì kan tí ẹ kò tíì sọ fún ìyá yín, ẹ sọ fún un lálẹ́ òní. Ẹ̀yin ìyá, bí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán kí ẹ tó pariwo.

Ọmọbìnrin mi wọ kíláàsì kọkànlá lọ́dún yìí. Ó mú fọ́ọ̀mù dual credit wálé. Lọ́tẹ̀ yìí, a jókòó sí tábìlì, a kà á láti òkè délẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan péré ló mú. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára fíríìjì wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú bírò pupa, tó yí census date po, tó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá: «Bi ara rẹ léèrè.»